Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Kì í San Owó-Orí

Nígbà tí àbúrò mi ra ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù. Kò rántí káńsù tó ń gba owó-orí ilé. Iye tí ilé ìbá tà ní oṣù Igbe 1991 ni wọ́n fi ń ṣírò owó-orí ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Ní 1991, àbúrò mi ṣì ń yí táyà kiri ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn!

Pàǹtí wá ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kólẹ̀kódọ̀tí káńsù ń yọjú, bí ọmọrí garawa bá sì ṣí díẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ọmọlanke tó ń kó ìdọ̀tí n'Ìbàdàn kì í béèrè bóyá ọmọrí garawa ṣí.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ kan nílé àbúrò mi, garawa kún fún eegun débi pé ọmọrí rẹ̀ kò dé mọ́. Àwọn kólẹ̀kódọ̀tí fi í sílẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti tú gbogbo ẹ̀ kalẹ̀, ó ń ha eegun ògúnfe. Àbúrò mi na ìwé owó-orí sí i lójú fèrèsé pé kó wá san ìdá tirẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wò ó, ó gbé eegun itan kan, ó bá tirẹ̀ lọ.