Ta Ló Ń Ṣe Nebraska?

Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Yunifásítì Nebraska ní Amẹ́ríkà (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá) pàdánù 9 nínú ìdíje 12. Kò sí ẹni tó fi ju àmì 9 lọ nà wọ́n. Ẹlòmíràn á ní orí burúkú ni. Ó dáa. Ẹgbẹ́ Iowa wá bá wọn nílé, Nebraska ti fi 21 sí 6 ṣíwájú. Wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, Iowa dí i mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ó sì gbé e sá wọlé. Nígbà tó parí, Iowa borí, 28 sí 21. Ṣé ayé ló ní kí wọ́n má dènà?

Lọ́dún kejì, ní Dublin, wọ́n ń fi 11 ṣíwájú, ni kóòṣì wọn, Scott Frost, bá ní kí wọ́n dọ́gbọ́n gbá bọ́ọ̀lù kúkúrú, kí wọ́n lè tún rí i gbà. Ẹgbẹ́ Northwestern tí wọ́n ń bá gbá ló he é, ó sì nà wọ́n. Àjẹ́ wo ló máa fò láti Nebraska dé Ireland nítorí bọ́ọ̀lù?