Sí Àbúrò Mi, Olójú Àṣá ti Àkúrẹ́

Àbúrò mi,

Àwòrán tí o ń fi ránṣẹ́ léraléra sórí WhatsApp ẹbí ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa ní Oǹdó. A ti gbọ́: o parí Hidden Catch láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, owó ẹyọ kan ṣoṣo lo sì fi ṣe é. Màmá ní kí n bi ọ́ pé èló ni wọ́n fún ọ. Mo ní iyì ni wọ́n fún un. Màmá ní ṣé iyì ọ̀hún ṣeé fi san owó iná?

Kí àwọn tó ń yọjú wo lẹ́tà wa lè bá wa rẹ́rìn-ín: géèmù tí ilé iṣẹ́ Eolith ní Gúúsù Kòríà gbé jáde ní 1998 ni. Àwòrán méjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì, ìyàtọ̀ 5 á fara pamọ́ sínú wọn, àkókò á sì máa sáré bí o ṣe ń wá wọn. Bí àkókò bá tán, ẹ̀rọ á ní kí o mú owó mìíràn wá. Ẹni tó bá parí ẹ̀ láìfi owó kejì kún un lẹ́tọ̀ọ́ láti hó. Ìyẹn dáa.

Àmọ́, owó ẹyọ wo? Owó ẹyọ náírà 1 àti náírà 2 tí ìjọba ṣe jáde ní 2007 tí ọlọ́jà kò wojú ẹ̀? Ẹ̀rọ wo ló sì wà ní Òkè-Àró tí o jù ú sí? Kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ lo fi ṣe é, pẹ̀lú MAME, ètò tí Nicola Salmoria, ará Ítálì, bẹ̀rẹ̀ ní 1997 kí àwọn géèmù àtijọ́ má baà parẹ́. Nínú MAME, bọ́tìnì 5 ni owó. Tẹ̀ ẹ́, owó wọlé. Tún un tẹ̀, òmíràn wọlé. Àpò rẹ kò ní mọ̀. Ta ló wà níbẹ̀ nígbà náà? Ìwọ àti jẹnẹrétọ̀.

Ní ilé géèmù tó wà ní Yaba, ní Oǹdó níbí, kò sẹ́ni tó ń búra. Ẹni tí wọ́n bá nà nínú bọ́ọ̀lù PlayStation ló ń sanwó. Ẹni tó nà án á jókòó síbẹ̀, á máa retí ẹni tó kàn. Mo rí ọmọdé kan tó wọlé láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú owó géèmù kan ṣoṣo, tí oòrùn wọ̀ tí owó náà ṣì wà lápò ẹ̀. Gbogbo àwọn tó sanwó nítorí ẹ̀ ló lè jẹ́rìí, tìkanratìkanra.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ojú. O ní ojú bàbá wa àgbà ọlọ́dẹ lo jogún. Irọ́! Ṣe ni o ń kó ẹyinjú méjèèjì wá sápá imú, títí àwòrán méjì á fi gun orí ara wọn di ẹyọ kan. Ibi tí wọ́n bá ti bára mu á dúró jẹ́ẹ́. Ibi tí wọn ò bá ti bára mu á máa gbọ̀n, torí ojú ọ̀tún ń sọ tiẹ̀, tòsì ń sọ tiẹ̀, ọpọlọ ò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Ọgbọ́n gidi ni, mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ tó bá kójú jọ báyẹn nínú igbó Ìdànrè, ẹran ló máa fi í ṣe oúnjẹ.

Ojú yìí kan náà la ní kó ṣa ẹ̀wà ní Kérésì. Òkúta tó wà nínú ìkòkò ọjọ́ yẹn ju 5 lọ dáadáa.

Nítorí náà, máa bọ̀ ní Sátidé, gbé kọ̀ǹpútà dání. Bí o bá ti tẹ bọ́tìnì 5 lẹ́ẹ̀kan, n ó yọ ọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù sápò mi. Bí o bá parí géèmù náà, èmi ni n ó gún iyán. Bí o ò bá parí ẹ̀, odó ń dúró dè ọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Ọ̀wẹnà, bá wa ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mú owó gidi lọ́wọ́ o. Àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ kì í gba bọ́tìnì.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, Oǹdó