Pijó Kọ̀, Kò Kú ní Kawo

Láti 1983 ni Faransé ti dáwọ́ Pijó 504 oníbúùtù dúró, ọdún 15 lẹ́yìn tó kọ́kọ́ jáde. Ó jọ pé ìròyìn ọ̀hún ò tíì dé Kawo ní Kàdúná. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó pọ̀ níbí, àwọn kan lára wọn ò sì gbà láti sinmi.

Bí búṣì ọkọ̀ náà bá jẹ tán, tí òmíràn ò sí lọ́jà, awakọ̀ á kó àjẹkù rẹ̀ lọ bá tọ́nà. Tọ́nà á pòṣé, á fi kálípà wọ̀n ọ́n, á de irin mọ́ ẹnu lẹ́ẹ̀tì, irin wẹ́wẹ́ á máa ká jáde. Á dán an wò, kò wọlé. Á tún ha á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Alhaji, èyí dáa ju ti Faransé lọ!"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Tiwọn dà?"

Àmọ́ ẹ̀yin tí ìbọn ìdíje yín ti di ohun tí wọn ò ṣe mọ́ bíi 504, ẹ má gbé ọ̀pá rẹ̀ wá síbí o. Òfin wà, DICON, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba, náà sì ti wà ní Kàdúná láti 1964. Búṣì nìkan là ń ha.