Olóòlà Tí A Kò Bẹ̀

Mo júbà rẹ, ìwọ ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ bánà ní ìsọ̀ kan lójú ọ̀nà tó ti Sávàlú lọ sí Bàǹtẹ̀, ìwọ tí a gbé bánà ọdún iṣu lé lọ́wọ́ nígbà tí ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí a sì to àwòrán àwọn àgbààgbà wa sí i lára, àwọn tí ń lọ bá ọba Gbaguidi yọ̀ pé iṣu titun wọlé, tí ìwọ wá dá a padà fún wa pẹ̀lú ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láti etí ọ̀tún dé etí òsì, lójú àwọn tí ìyá wọn kò kọlà fún.

Olóòlà tí a kò bẹ̀! Akọlà-fún-àgbà-má-tọrọ-àyè! Olóòlà ayé àtijọ́ a máa bèèrè ìdílé ọmọ kí ó tó yọ abẹ, bóyá pélé ni wọ́n ń kọ níbẹ̀ tàbí àbàjà. Ìwọ kò bèèrè ìdílé, o kò mọ olóyè yàtọ̀ sí onílù, o kọ ọ́ fún baálẹ̀, o kọ ọ́ fún ọmọ ọwọ́, o sì kọ ọ́ fún òkìtì iṣu tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, iṣu tí kò lẹ́rẹ̀kẹ́. Olóòlà ènìyàn a máa fi omi ìgbín tu ojú ọgbẹ́. Ìwọ Olóòlà tí a kò bẹ̀, owó wa lo fi ń tu ara rẹ lójú.

Nítorí Amu-tàdáwà-má-yó ni ọ́. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ kò mọ oògùn mìíràn ju kí ó fọ orí rẹ lọ, kí o fa búlúù mu, kí o fa pupa àti ìyeye mu, kí o fi dúdú fọ ẹnu, kí o sì da gbogbo rẹ̀ sínú gálọ́ọ̀nù ìdọ̀tí. Orí tí a fọ̀ fọ̀ fọ̀ tí kò mọ́, orí tí ẹbọ rẹ̀ ń pọ̀ tí ire rẹ̀ kò dé!

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Olóòlà, ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ọwọ́ abẹ rẹ yóò mọ ibi tí o ti fà á yọ. Àwòrán ìdánwò ni a ń kọ́kọ́ tẹ̀, nínú èyí tí ihò tàdáwà kọ̀ọ̀kan tó wà ní orí rẹ ń fa ìlà kúkurú tirẹ̀: bí ìlà kan bá sọnù, ihò rẹ̀ ti dí, bóyá ọyẹ́ ló mú tàdáwà gan níbẹ̀ nígbà tí iná lọ tí orí kò sì ráyè padà sábẹ́ ìdérí rẹ̀, irú àìsàn yìí ni ìfọrí ń wò. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá pé pérépéré, tí ilà sì tò lọ́gbọọgba lójú bánà, ẹsẹ̀ ló ṣẹ̀, orí kò mọwọ́ mẹsẹ̀: ilà funfun ń wí pé ẹ̀rọ fa bánà síwájú jù, ilà dúdú ń wí pé ìfà náà kò tó, tí ìtẹ̀ kan gun èkejì lórí. Ìwọ̀n ìfà ni kí a tún ṣe, kí a sì tún wò ó nígbàkígbà tí a bá fi bánà tó nípọn rọ́pò èyí tó fẹ́lẹ́. Ẹni tó sì ń kánjú, tó ní kí orí kọjá lójú kan náà nígbà 4 dípò ìgbà 8, òun ló pọ́n abẹ fún olóòlà.

Ẹ jẹ́ kí n pa ẹ̀fẹ̀ tì díẹ̀, ẹ̀yin onísọ̀. Obìnrin tó ta kaṣú kí ó tó rówó tẹ bánà ìsìnkú bàbá rẹ̀, tí ilà wá gba ojú òkú kọjá, ẹ ń sọ fún un pé bí a bá gbé e kọ́ sókè kò ní hàn! Ó hàn. Ẹ̀yin náà rí i kí ẹ tó ká a fún un, ẹ sì gbowó pé. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ.

Ó yá, Olóòlà tí a kò bẹ̀, Amu-tàdáwà-má-yó, máa jẹ oyè rẹ lọ. Ẹni tó bẹ olóòlà níṣẹ́ ni í san owó abẹ. Ẹni tó ni ìsọ̀ ni kí o lọ bá gba tìrẹ.