Ilẹ̀ Kan Ṣoṣo, Òǹtẹ̀ Mélòó?

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni èmi àti àbúrò mi obìnrin fi pín ilẹ̀ bàbá wa. Mo ní apá ọ̀tún wù mí nítorí igi àgbálùmọ̀. Ó ní, “Ẹ máa mú un, bọ̀dá mi. Apá òsì ni n ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù mi sí.” A ta okùn, a gbin pèrègún mẹ́ta sí àárín kí a má baà gbàgbé, a sì lọ fi ọbẹ̀ báńgà jẹ ùsì. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àṣé a ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1978 ni bàbá wa wá sí Warri, nígbà tí wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìfọpo ní Ekpan. Lóṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé òfin ilẹ̀ jáde, tó kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bàbá gbọ́ ti ìfọpo, kò sẹ́ni tó sọ ti òfin fún un. Nígbà tó wá ra ẹsẹ̀ bàtà 100 ní 100 lọ́wọ́ ìdílé kan, ó rò pé ilẹ̀ lòún rà. Èmi ni mo wá mọ̀ pé gómìnà ló ni ín, pé ńṣe ni a kàn ń bá wọn ro koríko rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìwé ìpín wa, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní kí a mú awọnlẹ̀ wá. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ó wọ̀n ọ́n lọ, ó wọ̀n ọ́n bọ̀, ó ní 97 lòún rí. Mẹ́ta dà? Ọgbà aládùúgbò wa ti rọra gbé e mì. Òpó ààlà kan sì wà nínú ilé ìdáná wọn, ìyá àgbà kan jókòó lé e, ó ń lọ ata. Mo ní, “Ẹ kúuṣẹ́ mà, òpó wa lẹ fi ṣe àpótí.” Ìyá fi Pijin dá mi lóhùn pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àpótí òun ti wà níbẹ̀, ṣé mo fẹ́ ra ata ni?

Ẹ wá bá mi ṣírò. Ilẹ̀ kan, òpó mẹ́rin. Là á sí méjì, òpó di mẹ́fà. Ìwé àwòrán kan di méjì, owó awọnlẹ̀ náà sì bímọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò pọ̀ sí i nínú gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀.

Mo kó ìwé lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí fáìlì mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

“Orúkọ ta ló wà nínú ìwé ilẹ̀?”

“Ti bàbá wa, sà.”

“Ẹ ní kí bàbá wá fọwọ́ sí i.”

“Bàbá ti kú, sà.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìwé ikú wọn dà?”

Mo mú un wá. Wọ́n ní òkú kì í fọwọ́ síwèé, kí n lọ gbàwé ní ilé ẹjọ́ gíga pé àwa la jogún rẹ̀. Mo gbà á dé. Wọ́n ní rìsíìtì owó orí ọdún mẹ́ta ńkọ́? Ọjọ́ tí mo mú ìyẹn dé, ọ̀gá ò sí níjòókòó. Ọjọ́ tí ọ̀gá jókòó, kò síná. Ọjọ́ tí iná wá, fáìlì ti lọ sí yàrá kejì. Mo lé e dé yàrá kejì, wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, àfi bíi pé mo yá a lówó.

Ìfọwọ́sí gómìnà ńkọ́? Asaba ni. Warri layé mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Babangida dá ìpínlẹ̀ Delta sílẹ̀ lóṣù kẹjọ 1991, Asaba ló fi ṣe olú ìlú. Nítorí ẹsẹ̀ bàtà 50, mo gba Ughelli, mo gba Kwale, mo gba Ogwashi-Uku. Ká ní wọ́n ń fún èèyàn ní ilẹ̀ tó bá rìn kọjá ni, mi ì bá ti di baálẹ̀.

Ọjọ́ tí a ri òpó tuntun méjì mọ́lẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò dé, wọ́n ní kí a san “deve”, owó tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ lé iṣẹ́ lórí ilẹ̀. Mo ní Okowa, gómìnà ìgbà náà, ti fọwọ́ sí òfin ní 2018 pé kí ẹnikẹ́ni má gba irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n yìn mí pé mo kàwé. Wọ́n wá ní ilẹ̀ ti di méjì, nítorí náà deve méjì ni. Kí n má purọ́, nínú gbogbo aláṣẹ tí mo bá pàdé, àwọn nìkan ló gbà pé ilẹ̀ wa ti pín.

Mo mọ̀ pé ètò dára. Bí òjò Warri bá dé, tí ẹnì kan sì ti kọ́lé dí ojú omi, gbogbo wa la jọ ń gbọ́nmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n rán wá yẹ ilẹ̀ wa wò kò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó yí gíláàsì sílẹ̀, ó wò ó, ó béèrè owó epo.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ní Warri níbí ni ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà Nàìjíríà kì í yé tọ́ka sí ti ṣẹ̀: Idundun àti Okumagba, lórí ilẹ̀ kan ní Okere, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní 1976. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀: ìtàn àtẹ̀yìnwá, ìwé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní èyí tó fara tì í. Ọ̀kan péré ni ìwé nínú márùn-ún. Ní ọ́fíìsì yìí, ìwé ni márààrún.

Lánàá, àbúrò mi pè mí: “Bọ̀dá mi, ẹ wá wo nǹkan.” Pèrègún mẹ́ta ọjọ́sí ti ga jù mí lọ, wọ́n ti ya ẹ̀ka, wọ́n ti di ọgbà. Ìyá àgbà aláta dúró nídìí rẹ̀, ó ń kìlọ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kó má kọjá ibẹ̀, ilẹ̀ ẹlòmíì ló bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀hún.

Mo yọ fóònù, mo ya àwòrán rẹ̀. Lọ́la n ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa bi mí: ìwé pèrègún dà?