Ẹ Máa Retí

Bí ẹ bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi awò dúdú sójú láago mẹ́jọ alẹ́, tó gbé okùn káàdì kọ́rùn, tí kò sì sí nǹkan kan lára káàdì ọ̀hún, ẹ má pè é ní akẹ́kọ̀ọ́. Dírẹ́kítọ̀ ni. Ó ní fíìmù kúkurú kan lọ́wọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Kò tíì kọ ọ́, kò tíì yà á, ṣùgbọ́n pósítà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kékeré ni."

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá irú wọn ya pósítà. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ kékeré: àìsùn òru mẹ́ta, owó dáta àti epo jẹnẹrétọ̀ tèmi, àti "Ọlọ́run á bá mi san án fún yín". Mo bi í pé kí ni ìtàn náà dá lé. Ó ní ó jinlẹ̀. Mo ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́. WhatsApp ló fi í gbà, ìyẹn sì ti fún un pọ̀ débi pé imú òṣèré náà dà bí ẹ̀kọ tutù tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Orúkọ rẹ̀ ni n ò lè fara dà.

Yóò fa àga tì mí. Ìka tó fi jẹ pọ́fùpọ́fù náà ni yóò fi máa tọ́ ojú kọ̀ǹpútà mi. "Ẹ jẹ́ kó tóbi sí i díẹ̀." Mo jẹ́ kó tóbi. "Díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n." Lókè pátápátá: fíìmù Lágbájá. Lábẹ́ àkọlé: láti ọwọ́ Lágbájá. Nísàlẹ̀, nínú agbo lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ gíga: ìtàn, Lágbájá, olùdarí, Lágbájá, olóòtú, Lágbájá, àtúntò, Lágbájá, orin, Lágbájá. Nígbà tó kan ọpẹ́ pàtàkì, ó gbójú sókè, ó ronú, ó ní kí n kọ Lágbájá. Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ.

Ọmọbìnrin tó dúró nínú oòrùn láàárọ̀ dọ̀sán kí wọ́n tó rí fọ́tò yẹn yà, wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Ẹni tó gbé iná wà nínú "àti àwọn mìíràn". Ìyá Dírẹ́kítọ̀, tó fi owó àjọ háyà kámẹ́rà, kò sí níbẹ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀, àwọn lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ gíga wọ̀nyẹn nídìí níbi tó ti rí wọn kọ́. Ní Hollywood, ìwé àdéhùn ló ń sọ bí orúkọ kálukú yóò ṣe ga tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé. Ayàwòrán á wá fún lẹ́tà náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó lè ga láìgba àyè. Lágbájá kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Kò tilẹ̀ fún wọn lówó ọkọ̀.

Kí Hubert Ogunde tó gbé fíìmù Aiyé jáde ní 1979, ó ti pẹ́ tí pósítà eré orí ìtàgé rẹ̀ ti ń wà lára ògiri káàkiri ìlú. Àmọ́ bí ẹ bá rí pósítà Ogunde, eré ń bọ̀ lẹ́yìn nínú mọ́tò. Lẹ́yìn ti Lágbájá, kò sóhun tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ n pè é lórúkọ rẹ̀: irọ́ ni, irọ́ aláwọ̀ mèremère.

Kó tó dìde, ó rántí ewé: ewé méjì tó tẹ̀ kọjú síra, irú èyí tí àwọn fíìmù tí wọ́n gbà síbi àjọ̀dún bíi Cannes máa ń fi ṣẹ̀ṣọ́. Mo bi í pé àjọ̀dún wo ló gba tiẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ fi ewé síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Tá a bá rí orúkọ, a ó kọ ọ́ sáàárín."

Mo fi ewé síbẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ MÁA RETÍ.

A ń retí. Ọmọbìnrin inú fọ́tò ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Nígbà tó wá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó bá ojú ara rẹ̀ lára ògiri ilé oúnjẹ, òjò ti bó o dé àgbọ̀n. Ó yà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti wá ya fíìmù yẹn ni?" Mo bu omi fún un mu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awò dúdú wọlé. Ó fa àga.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kékeré ni. Apá kejì."