Ọmọ Tó Bá Gbọ́n, Kó Fìdí Rẹmi ní Kíláàsì Kẹta

Wọ́n tún ti gbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ọmọléèwé dé o. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, tí wọ́n dá dúró ní oṣù kìíní ọdún 2024 nígbà tí ìwádìí owó wọ àjọ tó ń bójú tó o, òun ni wọ́n ní ó ń padà bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kí wọn kú iṣẹ́ ná, kí n tó bínú.

Kíláàsì kìíní sí ìkẹta nìkan ni wọ́n ṣètò oúnjẹ náà fún. Ta ló sọ fún wọn pé ebi ń yege ìdánwò? Ọmọ jẹun yó, ó fojú sí ìwé, ó gba ipò kìíní, ìyá rẹ̀ jó títí, wọ́n gbé e lọ sí kíláàsì kẹrin. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé pa dà, abọ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Èrè ọmọ tó mọ̀wé nìyẹn! Olódo tí wọ́n ní kó tún kíláàsì kẹta kà, ìrẹsì ọdún kan ló tún jẹ. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, mo mọ ohun tí n bá kọ sínú ìdánwò: méjì lọ́nà méjì, mẹ́tàdínlógún.

Oògùn aràn tí wọ́n ń fún ọmọléèwé ní tiẹ̀ kò mọ kíláàsì. Ọmọ ọdún 5 sí 14 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká máa fún. Ẹ ò rí i pé aràn gan-an jìyà: ó dé inú ọmọ kíláàsì kẹrin, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n tún fi oògùn lé e.

Àwàdà tán. 70 náírà ni wọ́n kà sílẹ̀ fún oúnjẹ ọmọ kan lóòjọ́. Ó di ọdún 2022 kí wọ́n tó sọ ọ́ di 100. Ẹyin kan ṣoṣo ju bẹ́ẹ̀ lọ lónìí! Idán ni wọ́n ní kí àwọn ìyá alásè máa pa, kì í ṣe ọbẹ̀. Lọ́dún 2020 tí Kòrónà ti iléèwé pa, mínísítà tó ń bójú tó ètò náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 500 náírà tó lọ sórí oúnjẹ ọmọléèwé l'Abuja, l'Ékòó àti nípìńlẹ̀ Ògùn. Iléèwé wà ní títì, owó mọ̀nà ilé àwọn ọmọ. Ọmọ jókòó sí kíláàsì kẹrin, owó ò rí i mọ́. Ìwà ìkà ni!

Báńà tí wọ́n ń gbé síta níbi ìfilọ́lẹ̀ oúnjẹ náà ńkọ́? Abọ́ ìrẹsì kan, ọlọ́lá márùn-ún yí i ká, báńà gùn ju ìlà àwọn ọmọ lọ. Ẹ ta báńà, ẹ fi ra ẹyin.